Fóònù Àtijọ́ Tó Sọnù Lójú Ọ̀nà: Ọrùn Ta Ló Wà?

 

Ọ̀rọ̀ kan délẹ̀ ní ìpàdé wa tí a rí i pé kò yẹ kó parí sáàárín àwọn tó wà níjòókòó nìkan. Ọ̀kan nínú wa tó ń ta àdìrẹ n'Íbàdàn fẹ́ gba fóònù tuntun lọ́wọ́ oníṣòwò kan l'Ékòó. Iye fóònù náà jẹ́ 180,000 náírà. Oníṣòwò yìí ní kí màmá fi fóònù tó ń lò ṣe pààrọ̀, òun á kà á sí 60,000 náírà, kó wá fi 120,000 náírà lé e. Màmá san owó, fóònù tuntun sì dé ọwọ́ rẹ̀. Ó wá bi oníṣòwò pé báwo ni kí òun ṣe fi ti àtijọ́ ránṣẹ́. Oníṣòwò ní, "Ẹ fún dírẹ́bà Èkó èyíkéyìí ní gáréèjì." Màmá fi aṣọ wé fóònù, ó dì í sínú ọ̀rá, ó gbé e fún dírẹ́bà kan pé kó bá òun gbé aṣọ dé Èkó.

Fóònù yẹn kò dé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, oníṣòwò pè é: "Màmá, ẹ ṣì jẹ mí ní 60,000 náírà o." Màmá ní, "Èmi kọ́! Mo ti fi ránṣẹ́. Ìwọ náà lo ní kí n fún dírẹ́bà." Báyìí ni ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú wa, àwọn kan ní màmá ló jàre, àwọn kan ní oníṣòwò ni. Ariwo sọ. Nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣe irú pààrọ̀ yìí báyìí, fún ara wa tàbí fún àwọn ọmọ wa, ẹ jẹ́ kí á là á yé ara wa.

ỌJÀ ATA TI KỌ́ WA TẸ́LẸ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta tòmátì mọ̀ ọ́n dáadáa. Tòmátì ń ti òkè Ọya wá sí Mile 12 l'Ékòó nínú apẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá takú lójú ọ̀nà, tí oòrùn pa á, tí tòmátì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi, ìbéèrè kan ṣoṣo la máa ń bèèrè: ta ló ni ẹrù náà lásìkò tó bàjẹ́? Bó bá jẹ́ pé ẹ ti rà á lọ́hùn-ún, tí ẹ ti sanwó, tí ẹ sì ni kí wọ́n kó o sínú ọkọ̀ fún yín, tiyín ni àdánù. Bó bá jẹ́ pé àgbẹ̀ ló ni ín, tó kàn kó o ránṣẹ́ kí ẹ bá òun tà á, àgbẹ̀ ló pàdánù. Ẹni tó ni ẹrù ló ni àdánù. Gbogbo wa la mọ èyí, a kò sì kà á nínú ìwé kankan.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Òfin náà kò jìnnà sí ohun tí à ń ṣe l'ọ́jà. Òfin ọjà títà tí wọ́n ń lò nílẹ̀ Yorùbá ti inú èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1893 wá. Ohun mẹ́ta tó wà níbẹ̀ ló kàn wá.

Èkíní, bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ẹni tó ni ọjà ló ni ewu rẹ̀. Èkejì, bí oníbàárà bá ní kí olùtajà fi ọjà ránṣẹ́ sí òun, bí olùtajà bá ti gbé e lé ẹni tí yóò gbé e lọ lọ́wọ́, wọ́n á kà á sí pé ó ti fún oníbàárà, àyàfi tí àdéhùn wọn bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹ̀kẹta, olùtajà kò gbọdọ̀ kàn ju ọjà sínú ọkọ̀ ṣá. Ó gbọ́dọ̀ bá ẹni tó ń gbé e lọ ṣe àdéhùn tó mọ́gbọ́n dání, bí irú ọjà náà ṣe rí. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, tí ọjà sì sọnù, oníbàárà lè sọ pé òun kò gba nǹkan kan.

Ẹnì kan lè ní, "Pààrọ̀ lèyí, kì í ṣe títà." Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1857, ilé ẹjọ́ kan ní Ìlú Ọba gbọ́ ẹjọ́ àwọn méjì kan. Ọ̀kan kó màlúù 32 sílẹ̀, ó sì fẹ́ fi owó lé e, láti fi gba ọkà bálì lọ́wọ́ ẹnì kejì. Wọ́n ti dá iye lé màlúù, wọ́n ti dá iye lé bálì, 23 pọ́n-ún ló ṣẹ́kù láti fi kún un. Ilé ẹjọ́ ṣe é bí ọjà títà. Bí ọ̀rọ̀ fóònù yín náà ṣe rí nìyẹn: wọ́n dá iye lé tuntun, wọ́n dá iye lé àtijọ́, ẹ sì fi owó lé e.

NÍNÚ PÀÀRỌ̀, OLÙTAJÀ MÉJÌ LÓ WÀ

Ibí yìí ló máa ń rú wa lójú. A máa ń rò pé oníṣòwò ni olùtajà, àwa la jẹ́ oníbàárà, ó parí. Rárá o. Lórí fóònù tuntun, òun ló ń tà, ẹ̀yin lẹ̀ ń rà. Ṣùgbọ́n lórí fóònù àtijọ́, ẹ̀yin lẹ̀ ń tà, òun ló ń rà. Ẹrù méjì ló ń rin ọ̀nà, ọ̀kan ń lọ, ọ̀kan ń bọ̀, olúkúlùkù wọn ló sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Pé fóònù tuntun ti dé ọwọ́ yín kò sọ pé ẹrù ti àtijọ́ ti kúrò lọ́rùn yín.

Bí oníṣòwò bá rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tàbí ọlọ́kadà tirẹ̀ wá gbà á, ọwọ́ ọmọ yẹn ọwọ́ rẹ̀ ni. Bí ẹ bá ti fún un, tí ẹ sì ní ẹ̀rí, ẹ ti bọ́. Bí ó bá ní kí ẹ fún dírẹ́bà, tí ẹ ṣe é bó ṣe yẹ, ọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ pinnu láti fi ránṣẹ́, tí kò bá yín sọ ọ́, ẹ máa ru ẹrù yín o.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ kékeré kan tí ọ̀pọ̀ wa kì í fetí sí. Àwọn oníṣòwò mìíràn máa ń kọ ọ́ sínú ìwé pé, "A ó ka fóònù àtijọ́ sí owó bí ó bá ti dé ọ̀dọ̀ wa tí a sì ti yẹ̀ ẹ́ wò." Gbólóhùn yẹn wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé títí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n sì gbà á, fóònù yín ni. Bó bá sọnù lójú ọ̀nà, tiyín ló sọnù. Bó bá fọ́, tiyín ló fọ́. Bí wọ́n bá sì ní ojú rẹ̀ ti sán, 60,000 lè di 25,000. Bí ẹ bá rí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, àsìkò tí ẹ kò tíì sanwó lẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

KÍ FÓÒNÙ TÓ KÚRÒ L'ỌWỌ́ YÍN

1. Ẹ bèèrè ohun mẹ́rin lọ́wọ́ oníṣòwò: ta ló máa sanwó ọkọ̀? Ta ló yan ẹni tó máa gbé e? Bó bá sọnù, ta ló pàdánù? Ìgbà wo la ó kà á sí pé ó ti gbà á? Ẹ jẹ́ kó kọ èsì rẹ̀ ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ.

2. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rí yín bá fóònù lọ. Inú fóònù àtijọ́ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin àti oníṣòwò jọ sọ wà! Bí ẹ bá nù ún, ẹ ti fọwọ́ ara yín nu ẹ̀rí. Ẹ kó ọ̀rọ̀ náà sínú tuntun, tàbí kí ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún yín. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 fàyè gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní kóòtù bí wọ́n bá mú un wá bó ṣe yẹ.

3. Ẹ tẹ *#06#. Nọ́ńbà 15 ló máa jáde. Orúkọ fóònù yín nìyẹn. Kò sí fóònù mìíràn tó yẹ kó ní irú rẹ̀. Fóònù onísíìmù méjì máa ń ní méjì. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò ọjà yín, kí ẹ sì ya àwòrán fóònù náà níwájú àti lẹ́yìn nígbà tó ń tàn.

4. Ẹ yọ síìmù, ẹ yọ káàdì tí àwòrán wà nínú rẹ̀. Síìmù yín ni ọ̀nà àkáǹtì yín ní báǹkì. Ẹ yọ orúkọ Google yín kúrò nínú fóònù kí ẹ tó nu gbogbo nǹkan inú rẹ̀. Bí ẹ bá nù ún láì yọ Google, fóònù lè ti ara rẹ̀ pa, oníṣòwò á sì ní òun kò gbà á.

5. Bí bátìrì bá ti wú, ẹ má fi ránṣẹ́. Ó lè gbiná nínú ọkọ̀, ẹ̀mí èèyàn sì wà níbẹ̀.

6. Ẹ sọ ohun tó wà nínú ẹrù, kí ẹ sì sọ iye rẹ̀. A mọ̀ pé ìbẹ̀rù olè ló ń jẹ́ kí a máa pe fóònù ní aṣọ. Àmọ́ ẹni tí ẹ fún ní "aṣọ", aṣọ ló gbà. Bó bá sọnù, iye aṣọ ló máa san, bó bá tilẹ̀ san nǹkan kan. Bí ẹ bá lo ilé iṣẹ́ tó ń gbé ẹrù láti ìlú dé ìlú, ẹ jẹ́ kí ọmọ tó mọ̀wé ka ẹ̀yìn rìsíìtì fún yín. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé iye kékeré báyìí làwọn máa san bí ẹni tó fi ránṣẹ́ kò bá sọ iye ẹrù rẹ̀.

7. Bó bá jẹ́ gáréèjì ni, ẹ gba wéébíìlì lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ onímọ́tò, kí ẹ kọ orúkọ dírẹ́bà, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí oníṣòwò lójú ẹsẹ̀, kó lè lọ dúró de ọkọ̀.

BÓ BÁ TI SỌNÙ Ń KỌ́?

Ẹ pariwo lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ méjì bíi ti màmá wa. Ẹ pe dírẹ́bà, ẹ pe gáréèjì, ẹ pe oníṣòwò, kí ẹ sì lọ fi nọ́ńbà 15 yẹn sun ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Bí ọ̀rọ̀ kò bá yanjú, ẹ kọ́kọ́ mú un wá sọ́dọ̀ ẹgbẹ́. Bí oníṣòwò bá ń rẹ́ yín jẹ, ẹ lè fẹjọ́ sùn ní àjọ FCCPC, tí òfin ọdún 2018 dá sílẹ̀ láti máa gbèjà oníbàárà. Ìpínlẹ̀ Èkó náà dá kóòtù ẹjọ́ kéékèèké sílẹ̀ ní ọdún 2018 fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Ẹ kò nílò lọ́yà níbẹ̀ dandan. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé sí onígbèsè pé kó san owó yín.

BÍ A ṢE PARÍ TI MÀMÁ WA

Ẹ̀yin ará, èyí ni ìdájọ́ tí àwa àgbà ọjà ṣe; kì í ṣe ti kóòtù. A rí i pé oníṣòwò ló ní kí wọ́n fún dírẹ́bà èyíkéyìí, kò sì sọ pé bó bá sọnù, ọrùn màmá ló wà. Nítorí náà kò lè fọwọ́ nù kúrò nínú rẹ̀. A sì rí i pé màmá kò gba wéébíìlì, kò mọ orúkọ dírẹ́bà, aṣọ ló sì pe fóònù. Òun náà kò ṣe é bó ṣe yẹ. A ní kí wọ́n pín àdánù náà sí méjì, kí màmá san 30,000 náírà, kí oníṣòwò gbàgbé 30,000. Oníṣòwò kọ́kọ́ lọ́ra, ṣùgbọ́n nígbà tí a rán an létí ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀, ó gbà. Dírẹ́bà tó yẹ kó sanwó gan-an, a kò rí i mú, nítorí pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Wéébíìlì kan ṣoṣo ni ìbá gba màmá sílẹ̀. 30,000 náírà yẹn, èrè ọjà ọjọ́ mélòó ni? Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ó.

Ẹ bá wa ka ìwé yìí fún àwọn tí kò lè kà á nínú ìsọ̀ yín. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí á ṣòfò o. Àṣẹ.