Àgbo Oorun: Ewé Tó Yẹ fún Ìkòkò Ilé

Ẹni tí oorun ń sá fún ní Ìgbàrà-Òkè kò ní láti wọkọ̀ dé Àkúrẹ́ kí ó tó rí ewé tí yóò sè. Koríko ọba, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ewé tíì, wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ fọ ewé tútù bíi mẹ́fà, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ dà á sínú omi tó ń hó, kí ẹ sì dé e fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ mu ife kan ní wákàtí kan ṣáájú oorun, kí ìtọ̀ má baà jí yín. (Aboyún, ẹ kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì.) Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Brazil dán an wò lára ènìyàn, nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 1986, wọn kò rí i pé ó ń mú oorun wá, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Lójú tèmi, ìgbóná rẹ̀ àti òórùn dídùn rẹ̀ tó láti mú ara balẹ̀.

Asofẹ́yẹjẹ lágbára jù ú lọ. Gbòǹgbò rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn wa fi ń mú kí wèrè sùn. Reserpine wà nínú rẹ̀, èròjà tí wọ́n yọ ní Switzerland ní 1952 lára ìbátan rẹ̀ láti Íńdíà, tí wọ́n sì fi ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò kan le ju èkejì lọ, ṣíbí ilé kò sì lè wọn ìyẹn. Bó bá pọ̀ jù, ìfúnpá á já wálẹ̀, ìbànújẹ́ á sì gba ọkàn. Ẹ má sè é nílé. Àìrísùn tó bá kọjá oṣù kan, ẹ gbé e tọ dókítà lọ.