Sígínà Dé, Ọkọ Ń Lọ: Ṣọ́ọ̀bù, Àjọ àti Súkúù Ọmọ Ńkọ́?

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni ìpè wọlé sórí fóònù ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa ní erékùṣù Bonny, ìpínlẹ̀ Rivers. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ogun ojú omi, àwọn tí gbogbo wa ń pè ní nẹ́fì, ló pè é. Ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu ọkùnrin náà: "Ìyá Ìbejì, sígínà ti jáde o. Lọ́kọ́ja ni wọ́n gbé mi lọ." Obìnrin náà sọ fún wa pé ńṣe lòun jókòó sórí kéèsì mínírà, òun ò sì mọ iye tóun gbà lọ́wọ́ oníbàárà tó dúró níwájú òun. Ọdún kẹfà rẹ̀ rèé ní Bonny. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún ọkọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tiẹ̀ nìkan. Ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá tó bá wà nítòsí bárékè, yálà ní Kàlàbá ni o, Yẹnagóà ni o, Màìdúgùrì ni o, ó ṣọ̀wọ́n kó má ní irú obìnrin báyìí nínú. Ìdí nìyẹn tá a fi fẹ́ ṣàlàyé ohun tí sígínà yẹn ń sọ, ohun tí kò sọ, àti ibi tí owó àti ọmọ máa ń há sí tí èèyàn bá fi ìkánjú kẹ́rù.

Sígínà ni iṣẹ́ tí olú ilé iṣẹ́ ológun fi ń pàṣẹ fáwọn ẹ̀ka rẹ̀. Orúkọ ọkọ wà níbẹ̀, nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀, ibi tó wà, ibi tó ń lọ, àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ débẹ̀. Ó tán. Orúkọ ìyàwó ò sí níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ò sí níbẹ̀, ọmọ tó wà ní SS3 ò sí níbẹ̀, àjọ tó ku oṣù mẹ́rin kó kàn án náà ò sí níbẹ̀. Lóòótọ́, owó ìrìnnà wà fún ológun tí wọ́n bá gbé kúrò níbì kan, àmọ́ owó náà lè má tíì wọlé lọ́jọ́ tí ẹ máa gbéra. Ẹ má ná an kó tó dé.

Kí ló dé tó fi máa ń yá tó báyìí? Ọ̀pọ̀ wa a máa rò pé ọ̀gá kan ló ń bínú ọkọ wa. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Tí ìjọba bá yan àwọn olórí ológun tuntun, bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023 àti oṣù kẹwàá ọdún 2025, àwọn tó ti wọṣẹ́ ṣáájú ẹni tuntun náà sábà máa ń fẹ̀yìn tì. Àyè wọn á ṣí sílẹ̀, wọ́n á fi ẹlòmíì sí i, àyè ẹni yẹn náà á tún ṣí. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn títí á fi kan ọmọ iṣẹ́ tó ń wa bóòtù létí òkun. Ti àwọn olè epo rọ̀bì náà tún wà ńbẹ̀: ibi tí iṣẹ́ bá ti le ni wọ́n ń kó èèyàn lọ, wọn kì í sì í béèrè bóyá ìyàwó ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ọjà.

Ẹni tí ò dé Bonny rí lè béèrè pé kí ló wà níbẹ̀ téèyàn ń sunkún sí. Ọkọ̀ ojú omi la fi ń lọ láti Port Harcourt, atẹ́gùn òkun ń fẹ́ tọ̀sán tòru, àwọn Ìbàní tó ni ilẹ̀ sì gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Kì í kúkú ṣe àná la débẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọ CMS ní Bonny láàárín ọdún 1860 sí 1870, ọmọ rẹ̀ Dandeson náà sì sìn lágbègbè yẹn. Láti 1999 tí ọkọ̀ gáàsì àkọ́kọ́ ti gbéra níbẹ̀ ni òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò tún ti ń ya wọ̀lú. Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa, ohun tí ọ̀pọ̀ ìyàwó ológun ń sunkún sí jù ni iná. Iná tí Bonny Utility Company ń pín níbẹ̀ dúró débi pé èèyàn lè fi fírísà nìkan jẹun: yìnyín, mínírà tútù, ẹja dídì, zóbò. Ìyá Ìbejì ní mẹ́ta. Ní ìlú míì, epo jẹnẹrétọ̀ ló máa jẹ èrè yẹn tán, fírísà á sì di àpótí ìkáṣọ sí.

Torí náà, ohun àkọ́kọ́ tá a sọ fún un ni pé kó má kó ṣọ́ọ̀bù lọ. Kó jókòó, kó ṣírò iye tí bóòtù máa gbà lórí fírísà kan, iye tí alábàárù máa gbà létí omi ní Port Harcourt, iye tí mọ́tò máa gbà dé Lọ́kọ́ja, kó wá fi wé iye tí wọ́n máa rà á ní Bonny níbi tí iná wà. Ó ta méjì lọ́sẹ̀ kan náà. Ẹ̀kẹta ṣì wà nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwìn gba ọgbọ́n díẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ò ń lọ, ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ ni wọn ò ní gbà mọ́. Ẹ mú ìwé àwìn, ẹ kọ́kọ́ gba èyí tó bá ṣe é gbà kí ìròyìn tó tàn. Àmọ́ ẹ̀yin náà, ẹ san ti àwọn tó kó ọjà fún yín. Ti owó ṣọ́ọ̀bù tó ṣì ku oṣù méje kó pé ọdún, ẹ má kàn kó kọ́kọ́rọ́ fún ọ̀rẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹ jọ lọ bá láńlọ́ọ̀dù, kó mọ ẹni tó ń wọlé, kí ẹ kọ iye tí ẹni yẹn máa san fún yín sínú ìwé, kí ẹlẹ́rìí sì fọwọ́ sí i.

Ibi tí ìjà ti ń bẹ́ jù ni àjọ. Ká sọ pé èèyàn méjìlá ló ń dá ₦20,000 lóṣooṣù. Ẹni tó bá kàn máa kó ₦240,000. Ìyàwó ológun ni ẹni kẹsàn-án, sígínà sì dé lẹ́yìn tí wọ́n ti dá a lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ó ti kó ₦100,000 sílẹ̀, àbí? Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n owó náà ò sí nínú àpótí kankan. Ọwọ́ àwọn márùn-ún tó ti kó ló wà. Olórí àjọ ò lè dá a padà lójú ẹsẹ̀ àyàfi tó bá yọ ọ́ lápò ara rẹ̀. Ohun tó dáa jù ni kó bẹ ẹni kẹfà kí wọ́n jọ pààrọ̀ àyè, kó kó ₦240,000 lóṣù tó ń bọ̀, kó sì fi onídùúró sílẹ̀ fún èyí tó kù. Tí ẹni kẹfà bá kọ̀, kó wá ẹlòmíì tó máa san ₦100,000 fún un, táá sì máa bá a lọ láti ibẹ̀. Tí ìyẹn náà ò bá ṣeé ṣe, kó máa fi owó ránṣẹ́ láti Lọ́kọ́ja títí á fi kàn án.

Ẹni tó ti kó ńkọ́? Ká ní oṣù kejì ló kó ₦240,000, oṣù márùn-ún ló sì ti san. Ó ṣì ku ₦140,000 lọ́rùn rẹ̀. Gbèsè ni. Òkun ò gbé e lọ. Ó dùn wá pé àwọn kan ti bá bóòtù àárọ̀ kùtù lọ láì dágbére, ìyẹn ló sì jẹ́ káwọn alájọ kan máa sọ pé àwọn ò gba ìyàwó sójà mọ́. A ò fara mọ́ ìyẹn. Oníṣòwò náà a máa sá, òṣìṣẹ́ ilé epo náà a máa sá. Ohun tó yẹ ni pé lọ́jọ́ tí àjọ bá bẹ̀rẹ̀ ni kí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀: tí tiransífà bá dé, báyìí la máa ṣe é. Kí ìyàwó ológun gba àyè ìbẹ̀rẹ̀ tó bá ní onídùúró. Tí kò bá ní, kó gba ti ìgbẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ló kàn. Ọmọ tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún WAEC, orúkọ súkúù yẹn ló fi forúkọ sílẹ̀, ibẹ̀ ló sì yẹ kó ti ṣe é. Ẹ má fà á kúrò ní SS3 torí pé ọkọ ti lọ. Àwọn tó kù lè lọ tí táàmù bá parí, kí ẹ sì gba ìwé ìkúrò, káàdì èsì, àti máàkì tí tíṣà ti ń kó jọ láti ọdún tó kọjá, pàápàá fún ọmọ tó ń lọ JSS3. Ẹ gbà á kí ẹ tó wọ bóòtù o. Owó tẹ́ ẹ máa fi padà wá gbà á ju owó fáìlì lọ.

Ìdúró yìí ní wàhálà tiẹ̀. Yàrá bárékè, ọkọ ni wọ́n fún. Ẹni tó ń bọ̀ wá rọ́pò rẹ̀ náà ní ìyàwó. Kí ọkọ béèrè ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gba yàrá kó tó lọ, tó bá sì nílò àfikún àyè nítorí ọmọ tó ń ṣe ìdánwò, kó kọ̀wé gba ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ gba yàrá kan ní ìgboro. Àwọn àná lè máa sọ pé kí ló dé tí ìyàwó ò tẹ̀ lé ọkọ, àbí ìjà wà ńlẹ̀ ni? Kò sí ìjà. Ìkòkò ọbẹ̀ méjì fún oṣù díẹ̀ kò tú ilé. Ọkọ ni kó pe àwọn èèyàn rẹ̀, kó ṣàlàyé fún wọn. Kì í ṣe ìyàwó.

Ẹni tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ káàkiri Nàìjíríà. Ti tíṣà ìjọba ìpínlẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ yẹn ò kọjá ẹnu ibodè. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ dání, kí aláboyún gba ìwé àyẹ̀wò rẹ̀, kí ọkọ sì yí ilé ìwòsàn ìdílé padà sí ìlú tuntun. Ti káàdì ìdìbò, ẹ ní kí INEC gbé yín lọ síbi tuntun. Ẹ má forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin.

Ẹgbẹ́ náà ní tiẹ̀ láti ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ kan máa ń sọ pé ẹni tó bá ti lọ, owó rẹ̀ ti wọgbó. Lójú tiwa, owó ìsìnkú àti ìsọmọlórúkọ tí ẹgbẹ́ ti ná, ó ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n owó tí èèyàn fi pamọ́ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́, tirẹ̀ ni, kí wọ́n kà á lé e lọ́wọ́. Kí akọ̀wé sì kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ tó wà níbi tó ń lọ: ọdún tó lò, ipò tó dì mú, pé kò jẹ gbèsè. Ní Lọ́kọ́ja, kò ní ṣòro. Àwọn Òkun wà níbẹ̀, èdè àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ náà sì bá tiwa tan.

Ọkọ Ìyá Ìbejì ti bá bóòtù àkọ́kọ́ lọ ní Sunday, báàgì kan àti fáànù kékeré ló gbé dání. Ìyàwó ti kó sí yàrá kan ní ìgboro. Àwọn ìbejì tó wà ní JSS1 máa lọ bá bàbá wọn tí táàmù bá parí, òun àti àkọ́bí rẹ̀ á dúró di ọjọ́ tí ìdánwò bá parí. Ẹni kẹfà nínú àjọ gbà láti pààrọ̀ àyè pẹ̀lú rẹ̀. Ní ìpàdé tó kọjá, ó gbé ìwé owó ẹgbẹ́ kalẹ̀, torí òun ni akápò. A kà á, ó pé. Fírísà kẹta, ó ní òun ò tíì pinnu.