Ìwádìí àrùn ìpáàrà lára ẹ̀wà sóyà

Ìwádìí àrùn ìpáàrà lára ẹ̀wà sóyà ni ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn ń gbà yẹ oko wò láti mọ ibi tí àrùn yìí wà àti bí ó ti pọ̀ tó. Fúngọ́sì kan, *Phakopsora pachyrhizi*, ni ó ń fa àrùn náà. Ewé tí ó bá mú a máa ní àmì kéékèèké tí àwọ̀ wọn dà bí irin tí ó dógùn-ún, á sì rẹ̀ dànù kí sóyà tó gbó. Níbi tí ó bá ti le, ó lè ba ìdá 80 nínú 100 ìkórè jẹ́.

Ìwúlò rẹ̀

Ara ewé tútù nìkan ni fúngọ́sì yìí ti lè gbèrú. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé eruku ìbísí rẹ̀ kiri, àní láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn. Nítorí náà, àgbẹ̀ kò lè fi oko tirẹ̀ nìkan mọ ewu tí ń bọ̀. Bí ó bá dúró títí ewé fi ń rẹ̀, oògùn kò ní ràn án mọ́. Bí ó bá sì fọ́n oògùn nígbà tí àrùn kò sí nítòsí, ó fi owó ṣòfò.

Bí a ṣe ń ṣe é

Olùwádìí a máa já ewé láti ìsàlẹ̀ ọ̀gbìn, níbi tí ìrì ti ń pẹ́ kí ó tó gbẹ. Abẹ́ ewé ni ó ń wò, pẹ̀lú awò tí ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 20. Yóò kọ iye ọ̀gbìn tí àrùn mú sílẹ̀, àti bí àmì náà ti bo ewé tó. Nítorí pé àrùn kan tí bakitéríà ń fà jọ ọ́, a máa ń fi ewé ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò kí a tó kéde.

Àwọn àpẹẹrẹ

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2004, a rí àrùn náà ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà. Láti ọdún 2005, wọ́n dá àwọn oko ìṣọ́ sílẹ̀: oko kéékèèké tí a gbìn ṣáájú ti àwọn àgbẹ̀, tí a kò fọ́n oògùn sí, tí a sì ń yẹ̀ wò lóòrèkóòrè. Wọ́n tún ń ṣọ́ ìtàkùn kudzu, níbi tí fúngọ́sì náà ń fara pamọ́ sí nígbà òtútù. Orí àwòrán ilẹ̀ ní íntánẹ́ẹ̀tì ni èsì ń hàn sí. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé ìjọba fojú díwọ̀n èrè ìkìlọ̀ yìí fún ọdún 2005 sí mílíọ̀nù dọ́là 11 sí 299.

Ní Nàìjíríà, ìròyìn àkọ́kọ́ nípa àrùn náà jáde ní ọdún 2001. Lẹ́yìn náà, àwọn olùwádìí yẹ ẹ̀yà fúngọ́sì náà 116 tí wọ́n kó láti oko sóyà wò, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀wọ́ 7. Irúgbìn tí ó lè kojú ọ̀wọ́ kan lè má lè kojú òmíràn; ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣe irúgbìn tuntun fi gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ó wà ní agbègbè kọ̀ọ̀kan.