Ṣíṣe Ìkà sí Ẹranko Tí Kò Lẹ́mìí

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin alágbàtọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń fẹ́ àkíyèsí wa nínú ilé. Àwọn ọmọ a máa sìn ẹranko nínú kọ̀ǹpútà àti nínú fóònù; wọn a máa bọ́ ọ, wọn a máa wẹ̀ ẹ́, wọn a sì máa tẹ́ ẹ sùn. Ṣùgbọ́n òmíràn wà nínú wọn tí í mọ̀ọ́mọ̀ fi ebi pa á, tí yóò sì máa rẹ́rìn-ín. Ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni èyí bí, nígbà tí ẹranko náà kì í ṣe ẹranko?

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1996 ni ilé-iṣẹ́ Bandai ní ilẹ̀ Jàpáànì gbé Tamagotchi jáde. Ohun kékeré bí ẹyin ni, tí ó ní bọ́tìnnì mẹ́ta. Ẹ̀dá inú rẹ̀ a máa ké bí ebi bá ń pa á. Bí a kò bá sì tọ́jú rẹ̀, yóò kú. Nínú èyí tí a tà ní Jàpáànì, ibojì ni ọmọ yóò rí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó sọkún nítorí rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ sì ṣòfin pé kí a má ṣe mú un wọ kíláàsì.

Ní ọdún 1996 kan náà ni eré Creatures, iṣẹ́ Steve Grand, jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀, tí à ń pè ní Norn, ní ohun tí ó dà bí ọpọlọ, àti ìṣirò tí ó dúró fún ebi, ẹ̀rù àti ìrora. Bí a bá fọwọ́ pa wọ́n lára, tàbí bí a bá gbá wọn, wọn a kọ́ ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan, tí ó fi orúkọ mìíràn bo ara rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í dá Norn lóró, ó sì ń fi wọ́n han gbogbo ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Inú bí àwọn olùfẹ́ eré náà, àwọn kan sì kọ̀wé èébú sí i. Ẹ wo ọ̀ràn yìí: wọ́n ń gbèjà ohun tí kò lè jẹ ìrora, wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ gún ẹni tí ó lè jẹ ẹ́.

Àwọn àgbà wí pé ẹni tí yóò fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Òtítọ́ ni, nítorí ẹyẹ ní ara bí àwa ti ní in. Ṣùgbọ́n ẹyẹ inú kọ̀ǹpútà kò ní ara. Nọ́ńbà tí ń lọ sókè sódò ni ebi rẹ̀. Nítorí náà àwa kò gbà pé a lè ṣẹ̀ ẹ́.

Ṣé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀? Rárá o. Immanuel Kant, ọlọ́gbọ́n ará Jámánì tí ó kú ní 1804, kọ́ni pé ẹni tí ó yìnbọn pa ajá rẹ̀ tí ó ti darúgbó kò ṣẹ ajá náà. Ìwà ènìyàn tí ń bẹ nínú ara rẹ̀ ni ó bàjẹ́, nítorí ọkàn tí ó bá le sí ẹranko yóò le sí ènìyàn pẹ̀lú. Ní ti ajá, àwa kò bá a gbà, nítorí ajá ń jẹ ìrora. Ṣùgbọ́n ní ti ẹranko inú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá a mu: ẹni tí ń ṣe é ni kí a wò.

Ọmọ tí ó gbàgbé láti bọ́ ẹranko rẹ̀ kò ṣe ibi kan. Èyí tí ó jẹ́ kí ó kú lẹ́ẹ̀kan láti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, ìwádìí ni ó ń ṣe, bí ọmọ tí ó tú ikùn ọmọlangidi wò. Ṣùgbọ́n èyí tí igbe ẹ̀dá náà ń dùn mọ́, tí ó ń padà sí i lójoojúmọ́, ẹ má ṣe nà án, ẹ má sì ṣe fojú fò ó. Ẹ pè é jókòó, kí ẹ bi í léèrè ohun tí ó dùn mọ́ ọn níbẹ̀. Ẹ sì kíyè sí bí ó ti ń ṣe sí ewúrẹ́ àti adìẹ àgbàlá, sí àbúrò rẹ̀, àti sí ọmọ ọ̀dọ̀. Bí ó bá ń fi pẹ̀lẹ́ bá wọn lò, eré ni eré rẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, gbígba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó. Ẹ fi ìtọ́jú ohun alààyè kan lé e lọ́wọ́, kí ẹ sì máa bá a ṣe é títí yóò fi mọ̀ ọ́n ṣe.