Ọgbẹ́ Buruli àti Ìwádìí Oògùn: Ohun tó Yẹ kí Aláìsàn Mọ̀

Egbò kì í ṣe ohun tuntun fún àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó àti Agọ́-Ìwòyè, tàbí fún apẹja tó ń gbé létí omi ní Ogun Waterside. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ kan wà tí kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀, òun ni ọgbẹ́ Buruli. Kókó kékeré tàbí ara wíwú ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá bẹ́, ó lè jẹ awọ ara lọ títí yóò fi sọ ènìyàn di aláàbọ̀ ara. Kòkòrò àìfojúrí tí ń jẹ́ Mycobacterium ulcerans ló ń fà á. Kì í ṣe èpè tàbí àsàsí.

Láti ọdún 2004 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a máa fi oògùn méjì wò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ: rifampicin tí à ń gbé mì, àti streptomycin tí à ń gún lábẹ́rẹ́ lójoojúmọ́. Abẹ́rẹ́ 56 nira, streptomycin sì lè ba etí jẹ́. Ǹjẹ́ oògùn tí à ń gbé mì nìkan lè tó bí?

Ní ọdún 2013 sí 2017, a wá aláìsàn tí yóò bá wa dáhùn ìbéèrè yìí ní Ghana àti ní Pobè, ìlú kan ní Benin nítòsí ààlà wa, níbi tí àwọn aláìsàn láti ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà pàápàá ti ń gba ìtọ́jú. Àwọn tí ọgbẹ́ wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ nìkan ni a gbà. Ènìyàn 310 ló wọlé. Àyẹ̀wò fìdí àrùn náà múlẹ̀ lára 297. Kèké ni a fi pín wọn: apá kan gba abẹ́rẹ́, apá kejì gba clarithromycin dípò rẹ̀. Láàárín ọdún kan, 144 nínú 151 tó gba abẹ́rẹ́ ló san, bẹ́ẹ̀ ni 140 nínú 146 tí kò gbà á. Lónìí, oògùn tí à ń gbé mì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí.

Ẹ̀rù tí ń ba àwọn kan nípa ìwádìí oògùn kò ṣàìnídìí. Ní Kánò lọ́dún 1996, a dán oògùn wò lára àwọn ọmọ tó ní àrùn awọ ọpọlọ, àríyànjiyàn ńlá sì wáyé lórí bóyá àwọn òbí mọ ohun tí a ń ṣe. Nítorí náà, ìgbìmọ̀ ìlànà ìwádìí ìlera gbọ́dọ̀ yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò, NAFDAC sì gbọ́dọ̀ fún un láṣẹ.

Bí a bá pè yín, ẹ béèrè nǹkan wọ̀nyí ní èdè tó yé yín:
- Ta ló fún yín láṣẹ?
- Oògùn wo ni mo lè gbà, kí ni ó sì lè ṣe lára mi?
- Ta ni yóò tọ́jú mi bí ó bá pa mí lára?
- Ṣé mo lè jáwọ́ nígbàkígbà, kí ìtọ́jú mi má sì dúró?

Ìdáhùn sí ìbéèrè ìkẹyìn gbọ́dọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Òbí tàbí alágbàtọ́ ni ó ń fọwọ́ sí ìwé fún ọmọdé.

Ẹ má ṣe fi kókó tí kò dunni pamọ́. Ẹ tètè lọ sí ilé ìlera tó súnmọ́ yín, nítorí ọgbẹ́ kékeré ni ó rọrùn jù lọ láti wò sàn.