Ìmúrasílẹ̀ Ẹni Tí Ń Lọ Sí Ilẹ̀ Òkèèrè

Kò sí ọdún kan tí àwọn ènìyàn kì í dìde láti Ìjẹ̀bú-Òde níhìn-ín lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Ẹlòmíràn ń lọ kọ́ ẹ̀kọ́ sí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹlòmíràn ń lọ sí Mẹ́kà. Ẹlòmíràn ń tẹ̀lé ọjà lọ, nítorí òwò kò ṣàjèjì sí Ìjẹ̀bú, ìrìn-àjò kò sì ṣàjèjì sí oníṣòwò. Nígbà tí ọjọ́ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, gbogbo ilé a máa pariwo pé, “Ṣé o ti di gàrí? Ṣé o ti di ẹ̀gúsí?” Gàrí Ìjẹ̀bú a sì wọ inú àpótí kí aṣọ tó wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń bi arìnrìn-àjò pé, “Ṣé o ti gba abẹ́rẹ́?” kò pọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín wa ni ó mú wa kọ èyí. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ń múra láti lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òkè òkun. Ọkùnrin kan sọ fún un pé kí ó má wulẹ̀ dààmú ara rẹ̀; bí ó bá lè fi owó díẹ̀ kún owó, òun yóò bá a gba káàdì ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní yẹ́lò káàdì, láìjẹ́ pé abẹ́rẹ́ kan ara rẹ̀. Ó bi wá léèrè ohun tí a rò sí i. Àwọn kan nínú wa wí pé, “Gbà á. Ìwé ni wọn yóò béèrè. Wọn kì yóò tú apá rẹ wò.” Àwọn mìíràn wí pé rárá. Àríyànjiyàn náà gbóná títí agogo oorun fi lù. Nítorí náà a lọ wá ìdí ọ̀rọ̀, ohun tí a sì rí ni a gbé wá síwájú yín yìí.

Kí a tó sọ̀rọ̀ káàdì, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí Odò Ọya, kí a wo bí ìmúrasílẹ̀ ti ń ya ẹni tí yóò yè sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí yóò kú. Ní ọdún 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta lọ sí odò náà: Albert, Wilberforce àti Soudan. Samuel Ajayi Crowther, ẹni tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Sàró nígbà náà, wà nínú àwọn tí ó lọ. Òyìnbó 145 ni ó wà nínú ọkọ̀ wọ̀nyí. Wọn kò tíì pẹ́ lórí odò tí ibà fi kọlù wọ́n. 130 nínú wọn ni ó dùbúlẹ̀ àìsàn, àwọn tí ó kú sì lé ní 40. Ìrìn-àjò tí a fi owó ńlá pèsè fún bẹ́ẹ̀ túká, kò sì lé góńgó rẹ̀ bá.

Ní ọdún 1854, ọkọ̀ kan ṣoṣo, Pleiad, tún gba odò kan náà lọ, Crowther sì tún wà níbẹ̀. Dókítà William Balfour Baikie ni olórí wọn. Ó rí i pé àwọn Òyìnbó inú ọkọ̀ ń mu kuníìnì, oògùn kíkorò tí a ń rí láti inú èèpo igi kan ní Amẹ́ríkà ti Gúúsù, lójoojúmọ́, kí ibà tó mú wọn, kì í ṣe ìgbà tí ó bá mú wọn tán. Wọ́n lo ọjọ́ 118 lórí odò, wọ́n wọ inú Bẹ́núè lọ jìnnà, kò sì sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tí ibà pa.

Ẹ kíyèsí i, ẹ̀yin ará. Odò kan náà ni, ẹ̀fọn kan náà ni, ibà kan náà sì ni. Nígbà náà kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó mọ̀ pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri; ọdún 1897 ni Ronald Ross ṣẹ̀ṣẹ̀ rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé àwọn ti 1854 ti fi ààbò sínú ara wọn kí ewu tó dé. Àìtètè mólè ni olè fi ń mólóko.

Nísisìyí, ọ̀rọ̀ kan káàdì. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kì í ṣe ibà lásán tí a mọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé òun náà. Ojú aláìsàn a pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ a pọ́n; bí ó bá le, ẹ̀jẹ̀ a máa dà lẹ́nu rẹ̀. Títí di òní kò sí oògùn kan tí í pa kòkòrò rẹ̀ nínú ara. Láti ọdún 1925 ni àwọn oníṣègùn àjọ Rockefeller ti ń wádìí rẹ̀ ní Yábàá, ní Èkó. Ní 1927, a gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà nísisìyí, nígbà tí àìsàn náà ń ṣe é. Asibi yè. Ṣùgbọ́n Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn oníṣègùn tí ń ṣe ìwádìí, kó àrùn náà, ó sì kú ní Èkó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà. Láti inú kòkòrò tí a rí nínú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ní 1937. A fún Theiler ní ẹ̀bùn Nobel ní 1951, ìran abẹ́rẹ́ náà ni a sì ń gbà títí di òní. Nítorí náà, nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ààbò yìí ti jáde wá, ẹ̀mí ènìyàn sì bá a lọ. Ìtìjú ni fún wa bí a bá fi owó ra orúkọ rẹ̀, tí a sì kọ òun tìkára rẹ̀ sílẹ̀.

Àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé. Bí ẹnìkan bá ra ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ láìkọ́ iṣẹ́ náà, ṣé àwọn ọmọ tí ó jókòó níwájú rẹ̀ yóò mọ̀wé? Ẹlẹ́rìí lásán ni káàdì. Abẹ́rẹ́ ni iṣẹ́. Ẹ̀fọn kò mọ̀wé, kì í sì í béèrè káàdì lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ jẹ.

Ẹlẹ́rìí èké a sì máa dójú ti olówó rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2012, ìjọba South Africa dá ọmọ Nàìjíríà 125 padà ní pápákọ̀ òfuurufú Johannesburg, wọ́n ní káàdì wọn kò jẹ́ òótọ́. Ìjọba Nàìjíríà bínú, òun náà dá àwọn ará South Africa padà, títí ìjọba South Africa fi tọrọ àforíjì. Ọ̀rọ̀ náà parí láàárín ìjọba méjèèjì, ṣùgbọ́n ìfura tí káàdì èké ti dá sílẹ̀ ń bá olóòótọ́ àti aṣebi jà bákan náà. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wí pé àrùn náà ti di ìtàn. Ní ọdún 2017 ó tún yọ ní Ìfẹ́lódùn ní ìpínlẹ̀ Kwara.

Ọ̀nà òótọ́ kò sì ṣòro. Ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó ìlera ní ẹnubodè ni ó ń fúnni ní káàdì náà lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Ó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí káàdì tó ní agbára, nítorí ara nílò àkókò láti kọ́ ìjà. Ẹni tí ó gbà á ní àárọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò ti pẹ́ jù. Láti oṣù Keje ọdún 2016, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni.

Àwọn tí ń lọ sí Mẹ́kà ní abẹ́rẹ́ mìíràn tí wọn kò gbọdọ̀ ṣe aláìgbà, èyíinì ni ti àrùn ọrùn-líle tí a ń pè ní yírunyírun. Ó kéré tán, ọjọ́ 10 kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Kí wọ́n sì rántí oòrùn. Ní Háájì ọdún 2024, ìjọba Saudi Arabia ròyìn pé ènìyàn 1,301 ni ó kú nínú ooru líle. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ni kò ní ìwé àṣẹ, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn láìsí ibòji.

Àbọ̀ náà ní ewu tirẹ̀. Nígbà Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú a máa wọlé láti òkè òkun pẹ̀lú ọmọ àti aya. Ní 1841 ọjọ́sí, ibà kò ṣe àwọn ọmọ Áfíríkà inú ọkọ̀ bí ó ti ṣe àwọn Òyìnbó, nítorí ẹni tí ẹ̀fọn ti ń jẹ láti kékeré, ara rẹ̀ a máa kọ́ bí a ti ń bá ibà jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí a kò bá tún kà a máa di ìgbàgbé. Ẹni tí ó ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ti di àlejò lójú ẹ̀fọn Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ tí ó bí síbẹ̀ kò sì kọ́ ìjà náà rí. Ní ọdún 2023, àwọn tí ó gbé ibà wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju 2,000 lọ. Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ jù lọ ti kó o, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì lo oògùn ìdènà. Ẹ kọ̀wé sí àwọn ènìyàn yín kí wọ́n gba oògùn lọ́wọ́ dókítà kí wọ́n tó wá, kí ẹ sì ta àwọ̀n ẹ̀fọn sórí ibùsùn wọn.

Ìyókù ohun tí arìnrìn-àjò gbọ́dọ̀ ṣe nìyí. Èkínní, kí ó lọ rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, kí ó sì sọ òtítọ́ nípa ara rẹ̀, nítorí abẹ́rẹ́ kan wà tí kò yẹ aboyún, tàbí ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́sàn-án, tàbí ẹni tí ẹyin kì í bá lára mu. Ẹni tí yóò pẹ́ ju oṣù mẹ́fà lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife kí a tó fún un ní ìwé àṣẹ.

Èkejì, kí oògùn rẹ̀ wà nínú páálí tirẹ̀ pẹ̀lú ìwé dókítà. Tramadol àti codeine lè sọ ènìyàn sí ẹ̀wọ̀n ní ilẹ̀ mìíràn. Kí ó má ṣe bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù tí kò fi ojú ara rẹ̀ rí inú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ojú pópó. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni ọkọ̀ ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di òní. Ẹni tí ó bá wo ibi tí ó mọ́ ọn lára láti máa wò kí ó tó kọjá, ọkọ̀ yóò ti ẹ̀gbẹ́ kejì kò ó. Òótọ́ ni pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Ẹ̀kẹrin, òtútù. Bí òtútù bá le, kí ó má ṣe gbé iná èédú wọ inú yàrá tí a tì. Afẹ́fẹ́ kan ń jáde láti inú rẹ̀ tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tí ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun.

Ẹ̀karùn-ún, bí ibà bá mú un lẹ́yìn ìrìn-àjò, kí ó tètè sọ ibi tí ó ti lọ fún dókítà. Ní oṣù Keje ọdún 2014, arìnrìn-àjò kan gbé Èbólà wọ Èkó láti Làìbéríà. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kọ̀ láti jẹ́ kí ó kúrò ní ilé ìwòsàn, bí wọ́n tilẹ̀ ń fínná mọ́ ọn. Àrùn náà mú ènìyàn 20, ó sì pa 8. Dókítà náà wà nínú àwọn tí ó kú. Bí kì í bá ṣe ìdúróṣinṣin rẹ̀, ta ni yóò lè ka iye òkú?

Ẹlẹgbẹ́ wa ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀. Apá rẹ̀ dùn ún fún ọjọ́ méjì, àwọn tí ó ti gbà á níyànjú láti ra káàdì sì fi í ṣe ẹlẹ́yà díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń di àpótí rẹ̀, a rí i tí ó fi káàdì náà sínú ìwé ìrìnnà rẹ̀ láìfòyà, nítorí ohun tí a kọ sínú rẹ̀ wà nínú ara rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, láìpẹ́ a óò dúró níwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé, àwọn òbí wọn yóò sì máa bi wá ní irú ìbéèrè tí ó bi wá. Kí ìdáhùn wa má ṣe jẹ́ ti ìwé lásán. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.