Lápútọ́ọ̀pù tó ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù: kẹ́ ẹ tó jù ú nù, ẹ wá rìsíìtì rẹ̀

Àdìrẹ ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n oníṣòwò tó ń fi àdìrẹ ránṣẹ́ sí Èkó, Àbújá tàbí Lọ́ńdọ̀nù nílò ju aṣọ lọ. Inú lápútọ́ọ̀pù ni orúkọ oníbàárà, àwòrán aṣọ, iye ọjà tó kù àti àkọsílẹ̀ àwọn tó jẹ gbèsè máa ń wà. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà bá kọ̀ tí kò tàn mọ́, ọjà dúró nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ ibẹ̀ nìkan ni orúkọ àwọn onígbèsè wà, owó mìíràn ti wọgbó nìyẹn.

Owó tuntun kò rọrùn. Ohun tó sì yẹ kí oníṣòwò mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní òkú kò tíì kú.

KÍ LÓ Ń MÚ UN FALẸ̀?

Eruku ni àkọ́kọ́. Fáànù kékeré kan wà nínú lápútọ́ọ̀pù tó ń lé ooru jáde. Bí eruku bá dí ihò rẹ̀, ẹ̀rọ náà á gbóná, á sì dín eré ara rẹ̀ kù kó má baà jóná. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ tú u, kó fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù. Ẹ má gbé e lé orí ìdì aṣọ tàbí tìmùtìmù, nítorí aṣọ á dí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ẹni tó bá sì ń rẹ aṣọ láró lẹ́yìnkùlé, kó gbé ẹ̀rọ jìnnà sí omi aró àti sódà.

Ìkejì ni hard disk. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́, àwo kan ló ń yí nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá fi SSD, tí kò ní ohun tó ń yí, rọ́pò rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń lo ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó tàn á bẹ̀rẹ̀ sí í yára tàn. Ìkẹta ni RAM. Bó bá jẹ́ 4GB, ẹ sọ ọ́ di 8GB. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó, torí wọ́n ti jó RAM mọ́ bọ́ọ̀dù àwọn ẹ̀rọ kan, kò ṣe é pààrọ̀.

Ilé iṣẹ́ Microsoft parí àtìlẹ́yìn rẹ̀ fún Windows 10 lọ́jọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025. Windows 11 sì ń béèrè ohun ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, èyí tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò ní. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá gbà á lè lo Linux Mint. Ọ̀fẹ́ ni, LibreOffice tó wà nínú rẹ̀ sì tó ṣe ìṣirò ọjà àti lẹ́tà.

Bí bátìrì bá wú, tó ń ti kíbọ́ọ̀dù sókè, ẹ má lò ó mọ́, ẹ má sì gún un, ó lè gbiná. Ní ti iná NEPA tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹ má fi ṣájà sí i láìsí stabilizer.

IGI GOGORO MÁ GÙN MÍ LÓJÚ

Ọdún kan ni gàráǹtì ẹ̀rọ tuntun sábà máa ń jẹ́. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ wà lábẹ́ lápútọ́ọ̀pù. Service Tag ni Dell ń pe tirẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ojú ewé ilé iṣẹ́ tó ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí ọjọ́ tí gàráǹtì rẹ̀ máa parí. Ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó ra tòkunbọ̀, torí ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ rà á ni gàráǹtì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún wádìí bóyá èyí tí wọ́n fún un lókè òkun ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà.

Gàráǹtì kì í sábà bo omi tó dà sí i, ẹ̀rọ tó já bọ́, tàbí iná tó pọ̀ jù. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì parí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí ilé iṣẹ́ kò fọwọ́ sí tú u.

Ní ti tòkunbọ̀, "bó bá bàjẹ́, ẹ gbé e padà wá" kò tó. Ẹ jẹ́ kí òǹtajà kọ ọ́ sórí rìsíìtì: nọ́ńbà ẹ̀rọ, iye ọjọ́, àti bóyá àtúnṣe, pààrọ̀ tàbí owó ni yóò dá padà. Bẹ́ ẹ bá ń gbé e lọ fún àtúnṣe, ẹ gba ìwé tó fi hàn pé ẹ̀rọ yín wà lọ́wọ́ wọn.

Òfin tún wà lẹ́yìn oníbàárà. Òfin ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní 2019, fún ẹni tó ra ọjà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára. Bí òǹtajà bá tilẹ̀ kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé òun kì í dá owó padà, ìyẹn kò gba ẹ̀tọ́ yìí lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ta ọjà alábùkù fún. Ẹ kọ̀wé sí òǹtajà ná. Bí kò bá dáhùn, ẹ gbé ẹjọ́ náà lọ bá àjọ FCCPC pẹ̀lú rìsíìtì yín.

Bí owó àtúnṣe bá ti ń sún mọ́ ìdajì owó ẹ̀rọ mìíràn, ẹ fi sílẹ̀, kẹ́ ẹ ra òmíràn. Ṣùgbọ́n ṣáájú gbogbo rẹ̀, lónìí, ẹ da àkọsílẹ̀ ọjà yín kọ sórí flash, kẹ́ ẹ gbé e sílé. Ẹ̀rọ ṣe é rà lọ́jà. Àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá kò sí níbi tí wọ́n ti ń tà á.